Ta Ló Ni Èèpo Àgbọn?

"Ọmọ mi, ẹrù ta lò ń kó yẹn?"

Bí màmá yẹn ṣe bi mí nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Mo ti da èèpo àgbọn kún àpò mẹ́ta, mo ń fẹsẹ̀ tẹ ìkẹrin kó lè gbà sí i, ọlọ́kadà tó fẹ́ bá mi gbé e sì ti ń kùn pé òun ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni, lápá Àjàrá, ní Àgbádárìgì, níbi tí ọkùnrin kan ti máa ń bó àgbọn fún àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ọ̀nà Àgbádárìgì kọjá rí á mọ irú ibẹ̀: òkìtì àgbọn lápá kan, òkìtì èèpo lápá kejì, ti èèpo sì máa ń ga ju ti àgbọn lọ.

Mo kí màmá náà, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìdọ̀tí ni. Wọ́n ní kí n máa kó o lọ."

Ó wo àpò, ó wo èmi náà. Ó ní, "Ìdọ̀tí? Ó dáa." Ó gbé báàfù rẹ̀ tó ṣófo sórí, ó yí padà, ó ń lọ.

Ká ní ó bú mi ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ó dáa" yẹn bá mi dé ilé. Ẹ̀yin náà mọ irú "ó dáa" tí àgbàlagbà máa ń sọ tí nǹkan ò bá dáa rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fi èèpo àgbọn ṣe. Ẹ̀fọ́ ni mo ń gbìn láìlo erùpẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní hydroponics. Orúkọ yẹn ò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún: ọdún 1937 ni William Gericke, olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, sọ ọ́ di orúkọ tí ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà ti wà kó tó dé. Láti àwọn ọdún 1860 ni Julius von Sachs àti Wilhelm Knop ti ń gbin nǹkan sínú omi ní Jámánì, tí wọ́n ń po oríṣiríṣi iyọ̀ mọ́ omi náà láti mọ èyí tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ gan-an. Ohun tí iṣẹ́ wọn fi hàn ni pé ohun ọ̀gbìn kì í jẹ erùpẹ̀. Omi, afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, àti ìwọ̀nba èròjà tó yọ́ sínú omi ló ń fi ṣe ara. Erùpẹ̀ ni abọ́ tó ń gbé oúnjẹ náà wá, òun náà sì ni ilẹ̀ tí gbòǹgbò dúró lé.

Kí ló dé tí mi ò kàn fi gbìn ín sílẹ̀ bíi ti gbogbo ayé? Ilẹ̀ etíkun wa yìí, yanrìn ni. Ẹ bu omi sí i láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, omi ti wọlẹ̀ lọ, ó sì ti kó ajílẹ̀ lọ pẹ̀lú. Àgbọn fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ náà ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n lẹ́tùúsì àti ẹ̀fọ́ tútù, wàhálà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé tí mo yá, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi bo gbogbo àgbàlá rẹ̀. Ni mo bá ra páìpù, mo ra bókẹ́ẹ̀tì, mo ra pọ́ǹpù kékeré, mo ń wo fídíò lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Tí ẹ bá wá mú erùpẹ̀ kúrò, ẹ ní láti wá nǹkan míì tí gbòǹgbò máa dúró lé. Iṣẹ́ mẹ́ta ni nǹkan náà ní: kó gbé ohun ọ̀gbìn dúró, kó di omi mú, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, torí gbòǹgbò náà ń mí. Ẹ ò ní kó fún un lóúnjẹ. Ó dà bí ẹni tó di àkàbà mú fún ẹlòmíì: kì í gùn ún, kì í ká èso, ṣùgbọ́n tó bá jùwọ́ sílẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Níbi tí iná mànàmáná ti máa ń lọ láìdágbére, iṣẹ́ kejì yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Tí pọ́ǹpù bá kú lọ́sàn-án gangan, òkúta wẹ́wẹ́ ò ní omi kankan lọ́wọ́ tó máa fún gbòǹgbò. Nǹkan tó ń mu omi bíi kànìnkànìn lè mú u dúró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó sáré dé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, èwo ni kí n lò?

Àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn rockwool. Òkúta ni wọ́n ń yọ́ nínú iná tó tó 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí wọ́n á wá fẹ́ ẹ títí á fi dà bí òwú. Ó ń di omi mú dáadáa, ṣùgbọ́n kì í jẹrà. Tí ẹ bá lò ó tán, ibi tí ẹ bá jù ú sí náà ló máa wà. Perlite wà, òkúta inú òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n ń yan nínú iná títí tó fi máa tú bíi gúgúrú. Ó fúyẹ́, ó mọ́, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Amọ̀ roboto tí wọ́n sun nínú iná ńlá náà wà. Ìyẹn ṣeé fọ̀, ó sì ṣeé lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kì í di omi mú púpọ̀, a sì máa ń ra ìrìn àjò mọ́ ọn. Peat wà, erùpẹ̀ dúdú tí wọ́n ń wà nínú àbàtà àwọn ilẹ̀ olótùútù. Ní ìwọ̀n mílímítà kan lọ́dọọdún ni ó ń ga. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó nípọn tó mítà kan, èèyàn á wá fi àpò kan gbin tòmátì fún oṣù mélòó kan, ó tán.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúrò ní òkè òkun. Yanrìn ń kọ́, ó kún ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n yanrìn etí òkun ní iyọ̀ nínú, ó ní ẹ̀fọ́ ìkarahun nínú, èyí tó máa ń da ìwọ̀n omi ajílẹ̀ rú. Yàtọ̀ síyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé etíkun wa mọ̀ pé àwọn tó ń wa yanrìn ò dúró, òkun náà ò sì dúró. Mi ò fẹ́ dá kún un, kódà bó jẹ́ bókẹ́ẹ̀tì kan ni. Ìyẹ̀fun pákó náà ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló mọ òkìtì rẹ̀ tó ti máa ń wà ní Òkò Bàbá, ní Ẹ́búté Mẹ́tta. Ó ṣeé lò, tí kì í bá ṣe ti pákó tí wọ́n fi kẹ́míkà sí. Ìyàngbò ìrẹsì náà ṣeé lò. Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì pé "òfẹ́", mo tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ojú mi wá là sí ohun tó wà níwájú ilé mi. Èèpo àgbọn! Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín irun rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fún pọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń pè ní cocopeat, tí wọ́n ń kó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Íńdíà àti Siri Láńkà, tí àwa tún ń rà á ní Èkó. Ó ń di omi mú, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, tó bá gbó tán, ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó di ilẹ̀. Àwa wá jókòó sí Àgbádárìgì, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní odindi àjọ kan fún ọ̀rọ̀ àgbọn nìkan, ìyẹn LASCODA, à ń ra èèpo àgbọn láti òkè òkun. Ó dà bí ẹni tó ń gbé etí odò tó ń fi itọ́ bọ́jú. Inú mi dùn débi pé mo pe ọ̀rẹ́ mi lóru.

Ìdùnnú yẹn ò pẹ́. Èèpo àkọ́kọ́ tí mo kó, mo gé e wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sómi lọ́jọ́ kan, mo gbin lẹ́tùúsì sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí etí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó bíi pé ẹnì kan fi iná ṣáná tọ́ ọ. Ìgbẹ̀yìn ni mo tó mọ̀ pé èèpo àgbọn kì í ṣe abọ́ òfìfo. Ó ní iyọ̀ nínú, ó ní potasíọ̀mù tó pọ̀, èyí tí igi ti kó pamọ́ sí i. Tí ẹ ò bá fọ̀ ọ́ léraléra, kí ẹ sì fi omi tó ní kálísíọ̀mù rẹ ẹ́ kí kálísíọ̀mù lè gba ipò àwọn yẹn, oúnjẹ tí ẹ bá fún ohun ọ̀gbìn, èèpo lá kọ́kọ́ bù nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó kàn wà níbẹ̀ lásán. Gbogbo nǹkan ló ti ní ohun tó ń dì mú kí ẹ tó dé. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́tùúsì nìkan ni mo fi kọ́.

Ìgbà tí mo tún lọ kó èèpo láti rọ́pò ìyẹn ni mo pàdé màmá tó ní "ó dáa".

Lọ́jọ́ kẹta, mo béèrè ilé wọn, mo lọ. Ègùn ni wọ́n, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn mìíràn tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ. Ẹja ni wọ́n ń yan. Ààrò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ilé, ọ̀kan ṣoṣo ló ń jó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo wá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí ni mo ṣe? Mo ní èmi gan-an ò mọ̀, ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jókòó.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Ẹja yíyan kì í fẹ́ iná tó ń jó fòfò. Iná tó ń rọra ràn, tó ní èéfín tó dúró, ló ń fẹ́, èèpo àgbọn sì ni baba nínú ìyẹn. Láti ìgbà tí bàbá ọkùnrin tó ń bó àgbọn yẹn ti wà nídìí iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń kó èèpo níbẹ̀, àwọn àti obìnrin méjì mìíràn. Kò sí ìwé, kò sí àdéhùn. Tí ẹja bá pọ̀, wọ́n á fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé ọkùnrin náà. Tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, wọ́n á lọ wẹ ọmọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí wọ́n bá lọ, tí wọ́n ń bá ibẹ̀ lófìfo. Ni wọ́n bá ń ra igi, owó igi sì ń jẹ èrè ẹja.

Mo ní, "Ẹ ẹ̀ ṣe bá ọkùnrin náà sọ ọ́, mà?"

Wọ́n ní, "Kí n sọ pé kí ni? Ṣé èmi ni mo ni ín?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ta ló ni ín?

Tí a bá bi lọ́yà, ìdáhùn ò le. Ẹni tó ra àgbọn ló ni èèpo. Ó lè jó o, ó lè tà á, ó lè fún ẹni tó bá wù ú. Ó fún mi, mo gbà á, ọ̀rọ̀ tán. Mi ò jalè. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò rí i pé ohun tí òfin mọ̀ kéré sí ohun tó wà nílẹ̀? Òfin mọ ẹni tó ni nǹkan. Kò mọ ẹni tí ń fi nǹkan náà jẹun. Màmá yẹn ò ní èèpo àgbọn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ò lè dúró láìsí i. Ohun tí wọ́n fi ń rà á, òwò kọ́: ẹja díẹ̀, ìkíni, ọwọ́ tí wọ́n fi wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí mo dé tí mo ní "òfẹ́ ni", kì í ṣe pé kò ní iye lórí. Iye tó wà lórí rẹ̀ ni ojú mi ò rí.

Mo wá rántí ìyẹ̀fun pákó tí mo kọ "òfẹ́" sí lára. Ṣebí àwọn tó ń sin adìyẹ ló ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún adìyẹ wọn. Ṣebí àwọn èèyàn wà tó ń kì í sínú ààrò, tí wọ́n fi ń dáná. Ìyàngbò ìrẹsì ńkọ́? Òun náà ní àwọn tó ń jó o, tó ń tẹ́ ẹ, tó ń dà á sí ilẹ̀ oko. Kódà èèpo àgbọn tí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó kó o, igi àgbọn fúnra rẹ̀ ń retí rẹ̀ padà: àwọn àgbẹ̀ máa ń ri ín mọ́ ìdí igi kó lè di omi mú, kó sì dá potasíọ̀mù tó kó lọ padà. A máa ń sọ pé ààtàn ò kọ ẹ̀gbin. Mo ti wá ń rò ó pé ohun tí a ń pè ní ẹ̀gbin, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí tálákà ń lò láìgba rìsíìtì ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ báyìí. "Ṣé torí pé tálákà ń lo nǹkan ni ẹnikẹ́ni ò ṣe ní fọwọ́ kàn án mọ́? Báwo la ṣe fẹ́ tẹ̀ síwájú?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe dáa. Ẹ̀fọ́ tí mo ń gbìn ń bọ́ èèyàn. Tí mo bá ń ra èèpo lówó, ọkùnrin tó ń bó àgbọn á rí owó tí kò rí tẹ́lẹ̀, òun náà ò sì lówó lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á tún sọ pé èéfín ààrò yẹn ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró màmá náà jẹ́, pé tí wọn ò bá rí èèpo jó mọ́, oore ni mo ṣe wọ́n. Òótọ́ ni pé èéfín ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ èéfín á kọ́kọ́ mú ààrò tó dáa jù wá. Ẹni tó kó igi ìdáná yín lọ, tó wá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró yín, ó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ti owó gan-an ló ṣòro jù fún mi. Mo kọ́kọ́ rò pé tí mo bá ti sanwó, ọwọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọjọ́ tí èèpo bá ti ní iye owó, ọjọ́ yẹn ni màmá yẹn ò ní lè fi ẹja àti ìkíni gbà á mọ́. Owó tí mo san á tún ọ̀rọ̀ ṣe láàárín èmi àti ẹni tó ń tà, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni kẹta tí kò sí níbi tí a ti ń dúnàá dúrà. Mi ò sọ pé kí a má sanwó. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó kì í dáhùn gbogbo ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Ó ń dáhùn "ta ló ni ín?" Kò dáhùn "ta ló ń lò ó?"

Ó wá ku ọ̀nà kan tó dà bíi pé ó rọrùn: kí n fi èèpo Àgbádárìgì sílẹ̀ fún màmá, kí n lọ ra cocopeat tó ti òkè òkun wá, kí ọkàn mi balẹ̀. Mo fẹ́ ṣe é. Mo tiẹ̀ ti béèrè iye rẹ̀. Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe èèpo àgbọn ní Kerala, ní gúúsù Íńdíà. Àṣà àtijọ́ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n ri èèpo sínú omi ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ oṣù títí á fi jẹrà, kí irun rẹ̀ lè ṣeé fà yọ. Omi náà á dúdú, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹja ò sì ní lè gbé inú rẹ̀. Ìyẹ̀fun tí àwa ń wá kiri yìí, wọ́n máa ń kó o jọ bí òkè sí ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́, torí irun nìkan ni wọ́n ń fẹ́ nígbà yẹn. Kì í ṣe bí gbogbo ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe lónìí nìyẹn, ọ̀pọ̀ ló ti ń fi ẹ̀rọ fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀sà yẹn mú mi lọ́kàn. Àwa náà ní ọ̀sà. Àwa náà ní àwọn apẹja. Tí ẹni tó ń yan ẹja bá wà ní Àgbádárìgì, ẹ̀rí wo ni mo ní pé kò sí irú rẹ̀ létí ọ̀sà Kerala?

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèpo tí mo kó ní Àjàrá àti èyí tí mo fẹ́ rà láti òkèèrè kì í ṣe pé ọ̀kan ní ẹni tó ń jìyà rẹ̀, tí èkejì ò ní. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní Àjàrá, màmá kan lè dúró tì mí kó ní, "Ọmọ mi, ẹrù ta lò ń kó yẹn?" Ẹni tó wà nídìí òkúta tí wọ́n ń yọ́, ẹni tó wà nínú eruku perlite, àbàtà tó ti ń kó ara rẹ̀ jọ láti ẹgbẹ̀rún ọdún, kò sí èyí tí ohùn rẹ̀ lè dé àgbàlá mi. Ọ̀nà jíjìn kì í mú ẹ̀bi kúrò. Ó kàn ń mú ìbéèrè kúrò ni. Àwa náà á wá máa pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní ọkàn mímọ́.

Nítorí náà, mi ò gbà pé ohun tó wà nítòsí ló dáa jù nítorí pé ó wà nítòsí lásán. Ó dáa jù nítorí pé a lè bi ẹni tó ń lò ó, òun náà sì lè bi wá. Tí a bá ṣẹ̀, a máa gbọ́. Tí a bá fẹ́ tún un ṣe, a mọ ilé tí a máa kàn.

Kí ni mo wá ṣe? Kì í ṣe nǹkan ńlá, kò sì pé. Mo padà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń bó àgbọn, mo ní kí àwọn màmá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa kọ́kọ́ kó tiwọn, kí n máa kó èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹni tó kọ́kọ́ débi omi ló ń pọn èyí tó tòrò, àwọn ló sì kọ́kọ́ débẹ̀. Èyí tí mo bá kó, mo ń lù ú, mo ń gbọ̀n ọ́n, mo ń mú ìyẹ̀fun inú rẹ̀, torí ìyẹ̀fun yẹn kì í fẹ́ jó dáadáa nínú ààrò, èmi sì nìyẹn ni mo nílò. Irun rẹ̀ tó bá kù, mo ń kó o lọ fún màmá. Mo rò pé mo gbọ́n gan-an. Màmá gbé irun náà síná, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ó ń yára jó jù. Kò ní èéfín bíi ti odindi. Ṣùgbọ́n a lè fi dáná." Ẹ rí i pé ọgbọ́n mi ò tó ti èèpo odindi. Omi tí mo fi fọ ìyẹ̀fun náà, mi ò dà á sí odò, ìdí igi àgbọn tó wà níwájú ilé ni mo ń dà á sí, torí igi yẹn ò bẹ̀rù iyọ̀.

Páìpù mẹ́fà ni mo fẹ́ gbìn tẹ́lẹ̀. Méjì ni mò ń gbìn báyìí, torí ìyẹ̀fun tí mo ń rí ò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀rẹ́ mi tí mo pè lóru yẹn ní mo ti sọ òwò di àánú. Bóyá. Ó tún ní lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ ńlá kan á gbé ọkọ̀ wá, á kó gbogbo rẹ̀, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo ìfarabalẹ̀ mi á sì já sí asán. Ó ṣeé ṣe. Mi ò ní agbára láti dá ọkọ̀ yẹn dúró. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ yẹn bá dé, yóò yàtọ̀ tí àwọn tó wà nídìí àgbọn bá ti mọ̀ pé èèpo yẹn ní àwọn tó ń fi jẹun, tí wọ́n sì ti ń dárúkọ wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì kà ni ó rọrùn jù láti kó lọ.

Ọ̀pọ̀ yín tó ń ka èyí ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀gbìn yìí. Ẹ máa bi ara yín pé èwo ló ń di omi mú jù, èwo ló ń jẹ́ kí gbòǹgbò mí, èwo ni owó yín ká. Ó yẹ kí ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀kan kún un kí ẹ tó kó o sínú àpò: ta ló ń lo nǹkan yìí kí n tó dé? Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yẹn. Ẹni náà á gbé báàfù rẹ̀ wá.

Mo kí màmá láàárọ̀ àná. Ààrò méjì ló ń jó. Wọ́n bu ẹja méjì sínú ewé fún mi, mo bu lẹ́tùúsì fún wọn. Wọ́n wo lẹ́tùúsì náà títí, wọ́n ní, "Èyí, báwo la ṣe ń sè é?"